Adití ló fẹ́ ṣe graphics lọ́dọ̀ mi: ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, kí lẹ rí sí i?

Onítẹ̀wé Ṣómólú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Ṣómólú, àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń bá wa ṣe graphics ti jápa, mo wá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé mo ń wá ẹlòmíràn. Àwọn tó fèsì pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi ránṣẹ́ ta gbogbo ti àwọn yòókù yọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi ń tẹ̀wé sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ tó dórí plate, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ CorelDraw ìwòyí kò mọ̀. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun kì í gbọ́ràn, kí n jọ̀ọ́ máa tẹ ọ̀rọ̀ sí òun.

Àbúrò mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n má wulẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Ó ní kọ́sítọ́mà wa a máa jókòó ti ẹni tó ń ṣe graphics ni, wọ́n á ní kó gbé orúkọ lọ sókè, kó dá a padà sísàlẹ̀. Ta ni yóò máa túmọ̀? Ó tún ní bí nǹkan bá fẹ́ ṣe é létí ẹ̀rọ tí a sì pariwo, kò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba aláàbọ̀ ara síṣẹ́ rí, kí lẹ rí níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ gbà á síṣẹ́, sà. Ẹ ṣe é nítorí Ọlọ́run. Irú wọn a máa mú ìbùkún wọ ibi iṣẹ́, ẹ ó sì rí àánú gbà.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀
Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ajé ni tiwa o, kì í ṣe ilé àánú. Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Múṣín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, etí ni mo fi ń mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ọmọṣẹ́ tí kò gbọ́ràn, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ? Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹnikẹ́ni. Iná kò sí, dísù wọ́n, owó ṣọ́ọ̀bù ń lé mi kiri, kí n tún wá gba ẹni tí n ó máa ṣọ́ bí ọmọ ọwọ́? Tí nǹkan bá sì ṣe é, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ á kó lọ́yà wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá gbà wọ́n, àwọn ló lówó rẹ̀.

Ọlọ́pàá Méjì
Kí ẹnikẹ́ni má sá o, èmi kì í ṣe ọlọ́pàá ìjọba. Rọpárọsẹ̀ ló mú mi ní kékeré, ọ̀pá abíyá méjì ni mo fi ń rìn. Akáúǹtàǹtì ni mí, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí ICAN.

Ìyá Ìbejì, inú rere lẹ fi sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ ohun tí àánú yẹn ti ṣe fún mi. Wọ́n pè mí fún íntáfíù níbì kan ní Erékùṣù Èkó. Mo dé géètì, mi ò tíì la ẹnu, síkiọ́rítì ti ń juwọ́ sí mi: "Ọ̀gá ò sí nílé, ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀." Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe sàárà ló ń sọ fún mi. Mo fi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi hàn án, ó kà á, ó wò mí lókè nílẹ̀, ó tún un kà. Nígbà tí mo wọlé tán, òkè kẹta ni íntáfíù wà, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, n ó gùn ún. Wọ́n ní rárá, kí n má ṣe wàhálà. Ìyáàfin kan sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó fi àpò ìwé kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi wọkọ̀. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ìṣirò. Owó náà, mo gbà á o, torí takisí tí mo wọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ibi tí mo kọ́kọ́ ti wá ríṣẹ́, ìyẹn tún yàtọ̀. Ẹ̀rín àti ọ̀yàyà ni wọ́n fi gbà mí. Wọ́n ya fọ́tò mi sí kàlẹ́ńdà ọdún yẹn, èmi ni mo wà ní March. Àmọ́ wọn kì í gbé ìwé síwájú mi. "Àǹtí, ẹ sinmi, àwa á ṣe é." Wọ́n ń lọ yẹ ìwé wò ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, wọn ò mú mi dání, wọ́n ní ọ̀nà jìn. Ìgbà tí ìgbéga dé, wọ́n ní mi ò tíì ní ìrírí tó. Níbo ni n bá ti rí i?

Onítẹ̀wé, tó bá jẹ́ nítorí àánú lẹ ṣe fẹ́ mú ọmọ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ kó wá ibòmíràn. Ẹ fún un ní ìdánwò tí ẹ fún àwọn tó kù. Tó bá yege, ẹ san owó tí ẹ máa san fún wọn. Tó bá ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ bá a wí.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Hmm. Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn dùn mí.

Ọ̀gá Báíńdà
Onítẹ̀wé, ọmọ Ṣómólú lèmi náà, nítorí náà a ò ní tan ara wa. Bàbá tó ń gé bébà lọ́dọ̀ yín, ìka mélòó ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀? Tiwa ku mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú kejì títì, ẹni tó ń gbé iṣẹ́ kiri níbẹ̀ kì í gbọ́ràn lápá kan mọ́ látàrí ariwo ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní aláàbọ̀ ara, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Ọ̀gá" là ń pè wọ́n. Ara wọn pé nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n pàdánù ìka tàbí etí lẹ́nu iṣẹ́ wa, iṣẹ́ sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé tirẹ̀ wá látilé, ìyẹn la ń bẹ̀rù.

Ti pé kò ní gbọ́ ariwo, ta ló ń gbọ́ ọ́? Tí ẹ̀rọ méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ agébébà tí a rà ní tòkunbọ̀ ní iná tó yẹ kó dá ọ̀bẹ dúró tí ọwọ́ bá wà níbẹ̀, a ti já wáyà rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ tún wáyà yẹn so, ìyẹn ni ààbò, fún adití àti fún ẹni tó gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé òfin ti wà báyìí pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ gba aláàbọ̀ ara márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ńkọ́? Ṣé á gba ìlàjì èèyàn ni?

Lọ́yà Aké
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin wà lóòótọ́, èyí tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. 2018 ló wà lára orúkọ rẹ̀, January 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Abala 29 ló sọ̀rọ̀ 5 nínú 100, ilé iṣẹ́ ìjọba ló sì bá wí. Wọ́n tún fi kún un pé débi tó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ́fíìsì ìjọba lè fi gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe.

Èyí tó kan Onítẹ̀wé àti Bàbá Jẹnẹrétọ̀ ni Abala 28. Kò ka iye èèyàn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara sí iṣẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tẹni gbogbo. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú máa san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó ṣẹ̀, ó kéré tán N250,000. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, N500,000, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan tó bá sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ máa san N50,000 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin yẹn náà fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Gbèdéke yẹn ti kọjá láti January 2024. Ẹ lọ wo báńkì àdúgbò yín, kí ẹ wo ilẹ̀kùn onígíláàsì tí ń yí bírí yẹn bóyá kẹ̀kẹ́ arọ lè gbabẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ẹ̀rí. Agbanisíṣẹ́ kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "a kò gbà ọ́ torí ẹsẹ̀ rẹ". "A ó máa kàn sí ọ" ni gbogbo èèyàn ń gbọ́, ẹni tó yege àti ẹni tó fìdí rẹmi. Àjọ NCPWD, ti ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara, wà ní Àbújá fún ẹ̀sùn. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara, ló ń rí sí i.

Bàbá, ẹ̀rù pé nǹkan máa ṣe é tí wọ́n á pe lọ́yà: òfin 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú owó náà. Tí èèyàn bá fara pa, ibẹ̀ ni owó ti ń jáde. Owó oṣù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, wọn kì í ka etí tàbí ẹsẹ̀ kún un. Ṣé ẹ ń dá a ṣá?

Bàbá Jẹnẹrétọ̀
Lọ́yà, mo ti kúrò lórí ìlà 🙏🏾

Alàgbà Agodi
Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríátì. Ẹ̀yin ọmọdé lè má rántí. Láyé telifóònù oníwáyà, ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba, afọ́jú lẹni tó ń gba ìpè tó sì ń so ó mọ́ yàrá tó yẹ. Oṣòdì ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ wọn níṣẹ́. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa mọ nọ́ńbà gbogbo yàrá lórí, tí ọ̀gá kan bá sì ti kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ohùn rẹ̀ nìyẹn. Kò sí akọ̀wé àgbà tó ń béèrè pé báwo ni afọ́jú yóò ṣe ṣe é, torí gbogbo wa ti bá a níbẹ̀.

GSM dé ní 2001. Ìpè kò gbabẹ̀ kọjá mọ́. Ńṣe làwọn èèyàn wọ̀nyí wá ń jókòó, wọ́n ń gba owó oṣù láìrí iṣẹ́ ṣe, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ronú pé ẹni tó lè tọ́jú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí lè ṣe nǹkan mìíràn. Sọ́fítíwíà NVDA tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú ti wà láti 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tí mo dá a lábàá, ìdáhùn tí mo gbà ni pé kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́! Wọn ò sì gba afọ́jú mìíràn dípò wọn.

Ohun kan tún wà tí n kì í fẹ́ rántí. Dókítà ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìlera ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n mo ti rí akọ̀wé tó gbé fọ́ọ̀mù ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú sápá kan kí dókítà tó fojú kàn án. Ó ní ara ọmọ náà kò pé. Iṣẹ́ ìfìwépamọ́ ni wọ́n ń gbà o.

Àfín Ọmọ Ọbàtálá
Kí n fi tèmi náà kún un ní ṣókí. Àfín ni mí. Wọ́n gbà mí síbi tí mo ti fẹ́ máa dá oníbàárà lóhùn, wọ́n kó mi sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí mi. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò máa pín ìwé ìpolówó nínú oòrùn ọ̀sán, èmi ni wọ́n rántí. Fìlà ni mo béèrè, pẹ̀lú ojú kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀. Títóbi lẹ́tà yẹn, bọ́tìnnì méjì lórí keyboard ni.

Ọmọ Yorùbá Peckham
Mo wà ní ẹ̀ka owó oṣù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹ má rò pé òyìnbó kò ní ẹ̀rù yìí. Òfin wọn ti 1944 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ogún sókè fi 3 nínú 100 sílẹ̀ fún aláàbọ̀ ara. Wọ́n rú u fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹjọ́ tí ìjọba pè lórí rẹ̀ kò tó nǹkan, òfin 1995 ló wá pa á rẹ́. Èyí tó wà báyìí, ti 2010, ní kí ọ̀gá ṣe àtúnṣe tó bá mọ́gbọ́n dání fún òṣìṣẹ́ náà, ètò Access to Work ìjọba sì lè bá a san owó ògbifọ̀ èdè adití tàbí takisí. Ó dára, ṣùgbọ́n èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí owó náà máà tíì dé fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá mìíràn a gbọ́ bẹ́ẹ̀, a ní kí ó kọ́kọ́ lọ gba owó yẹn kó tó wọlé.

Ọwọ́ Ló Ń Sọ̀rọ̀
Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ adití láti àárọ̀, ó yẹ kí adití kan dá sí i 😄 Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ibà líle kan ló gba etí mi lẹ́yìn tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ tán, ni mo fi lè kọ Yorùbá sí yín báyìí.

Onítẹ̀wé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má fi Yorùbá tẹ ọ̀rọ̀ sí i kí ẹ tó béèrè. Ẹni tí wọ́n bí ní adití nílẹ̀ yìí lè má mọ Yorùbá kan ní kíkọ. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ adití, ló dá ilé ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ló sì mú wá, òun ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ di òní. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kàwé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà sì lè má tò bí ti ọmọ yunifásítì, torí èdè ọwọ́ ní ètò tirẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ a ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ọ̀dẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ wo iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́, ìyẹn lẹ fẹ́ rà.

Ẹ má gbójú lé e pé yóò máa ka ètè yín. Díẹ̀ la ń rí mú níbẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń jẹ gúgúrú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, tàbí kí ẹ tan iná kí ẹ sì pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yí tábìlì rẹ̀ kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń pa wá lára jù lọ níbi iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, a ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ó ní "kò sí nǹkan". Ọ̀rọ̀ pé ọ̀gá ń bọ̀, pé owó ti wọlé, pé ọ̀la kò sí iṣẹ́, ẹ̀yìn là ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìtẹ̀wé gan-an, iṣẹ́ adití ni tipẹ́. Ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ adití ní Amẹ́ríkà ń kọ́ wọn nítẹ̀wé, wọ́n sì pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn ìwé ìròyìn ńlá nígbà náà. Ariwo tó ń lé ẹlòmíràn sá kò dí wọn lọ́wọ́.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì yín lọ́la. Àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń sọ fún mi tí bẹlíìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi bá ti dẹ̀, kí ọmọ tó gbọ́ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó mọ̀.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀
Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì Perkins, arákùnrin. Mi ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Onítẹ̀wé Ṣómólú
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí nǹkan dé.

Mo gbé iṣẹ́ kan náà fún adití yẹn àti àwọn méjì mìíràn: ìwé ètò ìsìnkú, pẹ̀lú orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ wúruwùru. Tirẹ̀ mọ́ jù. Ohun tó mú mi ni pé ó kọ̀wé béèrè pé ọdún tí wọ́n bí ìyá náà àti ọjọ́ orí tó wà níwájú ìwé kò bára mu, èwo ni kí òun mú? Àwọn méjì tó kù tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn ì bá dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ olóòkú. Ọmọbìnrin ìyá náà wá jókòó tì í, ó ń fọwọ́ tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà, ó ń kọ ọ́ sórí bébà. Ìgbà tó ń lọ, ó ní òun kò tíì rí oní-graphics tí kì í bá òun jiyàn rí.

Kò lọ geere tán o. Àbúrò mi pariwo láti ìdí ẹ̀rọ pé kọ́sítọ́mà kan ti yí àwọ̀ padà, adití náà sì kọ ẹ̀yìn sí i. Plate ti jáde kí a tó mọ̀, ó ṣòfò. Àbúrò mi ní kí a yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Mo rán an létí pé ọmọ tó jápa, tó gbọ́ràn kedere, ṣe irú rẹ̀ lóṣooṣù. A ti gbé pátákó kan kọ́ ogiri, àyípadà tí kò bá sí lórí rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó gbọ́ràn gan-an ló ń lò ó jù.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Mo ń rò ó láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì títí yóò fi mọ bí a ṣe ń ṣe.

Ọlọ́pàá Méjì
Ọmọ tó jápa, ṣé ìdajì lẹ fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀?

Onítẹ̀wé Ṣómólú
Rárá.

Lọ́yà Aké
Mò ń kà á o 👀

Onítẹ̀wé Ṣómólú
Ó ti yé mi. Iye tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti ẹni àná ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọjọ́ Ajé ló ń wọlé. Ọwọ́ Ló Ń Sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá sí Èkó ní Sátidé kan, kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè ọwọ́ díẹ̀? Àwọn nǹkan bíi "dúró", "àwọ̀", "kọ́sítọ́mà dé", "wá jẹun".

Ọwọ́ Ló Ń Sọ̀rọ̀
Mo lè wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni o, ẹ ó san owó.

Onítẹ̀wé Ṣómólú
Èló?